Ìdọ̀bálẹ̀ Kan ní Pápá Ìbàdàn

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì wà ní kékeré ní Kokomlemle, ní Accra, wọn kì í jẹ́ kí a gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nílé ìwé wa. Tíṣà kan ló wà níbẹ̀, ọmọ Gà, ẹ̀yà onílẹ̀ Accra, tó ti dàgbà, tó gbà pé kíríkẹ́ẹ̀tì nìkan ni eré, tó ní ariwo lásán ni ìyókù. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń fi fóònù wo bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo mọ̀ pé eré yìí ṣàjèjì sí púpọ̀ nínú yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwọ̀nba tí ẹ nílò, kí ìtàn mi má baà rú yín lójú.

Wọ́n á ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ẹnì kan á mú igi pẹlẹbẹ dúró níwájú wọn, á máa fi gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, bí ó bá sì sáré dé òdìkejì, wọ́n á ka àmì fún un. Wọ́n fa ilà funfun kan síwájú igi mẹ́ta náà. Bí o bá wà lẹ́yìn ilà yẹn, kò sí ẹni tó lè mú ọ nítorí pé o kúrò láyè rẹ. Bí o bá jáde kọjá rẹ̀, tí àwọn tí ẹ jọ ń díje bá fi bọ́ọ̀lù wó igi mẹ́ta náà, o ti kúrò nínú eré nìyẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kò sí òfin mìíràn tí mo máa yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá sí Accra. Ìkòkò àti abọ́ ló ń tà lọ́pọ̀ fún àwọn alátùntà ní ọjà Okaishie. Accra ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá là ń sọ nínú ilé. Tí mo bá ti fẹsẹ̀ kan ìta, Gà àti Twi ni. Alata ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá. Ìgbà mìíràn ẹ̀rín ló wà nínú ìpè náà, ìgbà mìíràn kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu ẹlòmíràn, n kò ní tún un sọ. Yàrá mẹ́jọ tó jẹ́ ti àwọn ará wa nínú àgbàlá wa, méjì péré ló kù tí èèyàn wà nínú wọn. Bàbá mi ní ìwé, ó sì dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà láì tíì rí i rí, ń ránṣẹ́ sí i lemọ́lemọ́ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bàbá mi kò fèsì. Àwọn ará ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti sọnù, pé ó ti fi ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀ Gánà lọ́rẹ.

Ọdún bíi méjì lẹ́yìn náà ni tíṣà wa gbé ètò kan kalẹ̀. Ó fẹ́ kó ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Gánà lọ bá àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ wọn. Láti ayé òyìnbó ni ilẹ̀ méjèèjì ti máa ń bá ara wọn fà á nínú eré náà, ó ní kò yẹ kó tán nígbà ayé òun. Lẹ́tà ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Yóò kọ ọ́ sí Èkó, yóò dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì á dé, yóò tún kọ òmíràn. Ó ṣètò ilé ìwé tí a máa sùn sí, ó ṣètò bọ́ọ̀sì, ó bá gbogbo wa gba ìwé ìrìnnà. Télọ̀ kan ní Odawna ló rán ṣòkòtò funfun wa. Ó wá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé kí olúkúlùkù mú abọ́ kan, ife kan, ọṣẹ kan àti gààrí tó lè tó o jẹ lójú ọ̀nà.

Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fẹ́ mú. Nígbà tó dórí orúkọ mi, àwọn àgbà méjì tí wọ́n jọ ń yàn wá dá a dúró. Mo wà níta ojú fèrèsé, mo gbọ́ ọ. Èkínní ní, "Alata yìí, tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, ìhà ta ni yóò gbá a sí?" Èkejì kàn rẹ́rìn-ín. Tíṣà wa ní, "Èmi ni mo dúró fún un. Bí ó bá já mi kulẹ̀, ẹ má fún mi ní ẹgbẹ́ kankan mú lọ síbì kankan mọ́." Báyìí ni mo ṣe wọlé.

Inú bàbá mi dùn, ṣùgbọ́n kò béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa eré. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ òun ń lọ sí Nàìjíríà, àti pé Ìbàdàn wà lára ibi tí a ó dé. Kíá ló ti ránṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń lọ sílé pé kí Bàbá Àgbà wá wo ọmọ òun ní pápá Ìbàdàn. Ó fún mi ní fìlà funfun kan tó fi bébà wé, ó ní Bàbá Àgbà ni kí n fún. Ó wá pè mí jókòó.

"Tó o bá rí Bàbá Àgbà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Má ṣe ìdajì bí ẹ ṣe máa ń ṣe níbí yìí. Àyà ẹ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Wọ́n ń sọ nílé pé mi ò kọ́ ọmọ mi. Ìwọ ni wọ́n máa wò."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ẹ rí i báyìí pé ẹrù méjì ló wà lọ́rùn mi, ti tíṣà àti ti bàbá. Ní ọjọ́ orí mi ìgbà náà, mo rò pé ẹrù kan náà ni: kí n sáà ṣe dáadáa.

A gba Lomé, a gba Kutọnu, a já sí Ìdí-Ìrókò. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa ni a jọ jókòó, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, a jọ ń jẹ kẹ́ńkè nínú abọ́ kan. Ní ẹnu ibodè, òṣìṣẹ́ tó gba ìwé ìrìnnà mi wo orúkọ mi, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ wa, kí lò ń wá láàárín àwọn wọ̀nyí?" Ó ń ṣeré ni. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì hó yèè. Nígbà tí mo padà sínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ mi ní, "Chale, kí ló sọ?" Mo ní kò sọ nǹkan kan.

Eré mẹ́ta ni a lọ fún. Èkó ni a ti gbá méjì àkọ́kọ́. Wọ́n lù wá nínú ti ìṣáájú, nítorí oorun ọ̀nà ṣì wà lójú wa. Nínú ìkejì, àwa la borí, mo sì wà lórí pápá títí ó fi parí. Tíṣà wa gbá mi léjìká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ bàbá yẹn á mọ̀ pé kò sí ìyìn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ku ti Ìbàdàn, níbi tí ẹni tó bá borí á ti gba ife.

N kò ní fi gbogbo ọjọ́ náà dá yín lágara. Oòrùn mú, koríko gbẹ, èrò pọ̀ yí okùn tí wọ́n fi pààlà pápá ká. Àwọn Nàìjíríà gbá tiwọn tán, ó kan wa. A ń lé wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tiwa ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìkan. Àmì márùn-ún ni a ń wá kí a borí. Bí ẹnì kan bá kúrò nínú àwa méjèèjì, ó parí. Mo rí tíṣà wa lọ́ọ̀ọ́kán, ó dìde dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí mi. Mo rọra fi igi dá a dúró, ó yí dé ẹsẹ̀ ẹnì kan tó wà nítòsí, ẹni náà mú un, ó sọ ọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ igi mẹ́ta lẹ́yìn mi. Lójú tèmi, ó tán, kí á máa retí òmíràn. Lójú òfin, kò tíì tán, àfi tí adájọ́ bá ní eré dúró.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ.

"Àjàní! Àjàní o! Àjàní, ọmọ bàbá mi!"

Kò sí ẹni tó ti pè mí ní oríkì mi láti ìgbà tí ìyá bàbá mi, tó bá wa gbé ní Accra, ti kú. Mo yíjú. Bàbá arúgbó kan dúró lẹ́bàá okùn, ojú bàbá mi gan-an ló wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ọmọkùnrin kan tó fi díẹ̀ dàgbà jù mí lọ, tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání. Bàbá náà na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ronú. Bí mo bá sọ fún yín pé mo ronú, irọ́ ni. Mo jáde kúrò lẹ́yìn ilà, mo rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo gbé igi mi kalẹ̀. Àwọn ohun tí wọ́n dè mọ́ ojúgun mi nítorí bọ́ọ̀lù líle náà kò jẹ́ kí orúnkún mi ká, nítorí náà bí ìtí igi ni mo ṣe ṣubú, àyà mi kanlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti wí.

Mo gbọ́ ìró igi tó wó lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ariwo èrò. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ariwo náà tó rọlẹ̀, èmi náà kì í ṣe ọmọdé nídìí eré yẹn.

Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà rò pé nítorí pé mo kí òun ni èrò ṣe ń hó. Orí rẹ̀ wú. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "O ò ní ṣìnà. Ilẹ̀ àjèjì ò ní gbé ọ mì. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka ọmọ èèyàn, wọn ò ní fò ọ́." Ẹ kò ní gbàgbé pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde nígbà tí àgbà bá ń ṣàdúrà fún un lọ́wọ́. Mo wà nílẹ̀. Mo ń ṣe àmín. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń dì mọ́ ara wọn lẹ́yìn mi, mo ń ṣe àmín. Èèrà kan ń gun ọrùn ọwọ́ mi, mo ń wò ó. Mo retí kí ojú tì mí, mo retí kí ó dùn mí kí n sunkún. Kò sí èyí tó wá nínú méjèèjì. Ọkàn mi kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí àdúrà parí, mo dìde. Adájọ́ ti na ìka sókè tipẹ́, àmì pé mo ti kúrò nínú eré. Yorùbá ni òun náà. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ mí, ó ní, "Eré ò tíì dúró, ọmọ. Eré ò tíì dúró."

Mo lọ mú fìlà nínú ẹrù mi, mo fún Bàbá Àgbà. Ó dé e lójú ẹsẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ gbá a dáadáa?"

"A ti parí, Bàbá."

Ó ní Ọlọ́run ṣeun. Àwọn obìnrin méjèèjì fọwọ́ pa mí lórí. Ọmọkùnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì fún mi lómi mu, ọmọ Bàbá Àgbà ni.

Ní ọ̀nà Accra, kò sí ẹni tó bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ọ̀rẹ́ mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ní oorun ń kùn òun. Nígbà tí a kọjá Kutọnu ni tíṣà wa wá jókòó tì mí.

"O mọ òfin yẹn. Èmi ni mo kọ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí àkọ́kọ́ yé mi. O gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí igi wó, kí ló dé tó ò fi dìde?"

"Àdúrà ò tíì tán, sà."

Ó padà sí ìjókòó rẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé.

Ní Okaishie, bàbá mi pa àwọn oníbàárà tì nígbà tó rí mi. "Ṣé o rí wọn?" Mo ní mo rí wọn. "Ṣé o kí i dáadáa?" Mo ní mo kí i dáadáa. "Àyà ẹ kanlẹ̀?" Mo ní ó kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè sọ ìyókù fún un. Kò béèrè ẹni tó gba ife. Títí ó fi kú, kò béèrè.

Láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní Alata ti fi ife náà kí àwọn èèyàn rẹ̀. N kò jà. Lẹ́tà ni tíṣà wa fi máa ń pe àwọn tó bá yàn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, lẹ́tà kò dé ọ̀dọ̀ mi. Kò dé ọ̀dọ̀ tíṣà náà, nítorí ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó máa kó ẹgbẹ́ náà káàkiri. Èyí kejì yìí ló yẹ kó pa mí lẹ́kún, mo sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí tíṣà náà kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó lẹ́yìn, mo ń wo orí àwọn èèyàn. Omi kò jáde lójú mi. Mo ta ìkòkò, mo fẹ́ ìyàwó, mo bímọ, mo sin bàbá mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe bó ti yẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni ara, mo ní dáadáa ni.

Ayé ti wá yí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Gánà báyìí; bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún tíṣà wa pé obìnrin á gbá a, yóò ní kí ẹni náà lọ wẹ orí. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n kó wọn lọ sí Nàìjíríà. Kò sí lẹ́tà, kò sí gààrí. Orí fóònù ni wọ́n ti pè é, bàtà àti aṣọ ti dúró dè é, ọkọ̀ òfuurufú sì gbé wọn dé Èkó kí n tó jí lójú oorun ọ̀sán. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ìhà ta ni yóò gbá a sí, kò sọ fún mi.

Ní ọjọ́ tó ń di ẹrù, ó jókòó tì mí. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

"Grandpa, Daddy ní family yín á wá wò mí. Wọ́n pọ̀ paa. Tí wọ́n bá pè mí, ṣé kí n kneel?"

"Níbo ni ìwọ á wà?"

"Lórí pápá now."

Ìgbà náà ni mo sọ ìtàn yìí, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣàkíyèsí pé èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wí fún un pé, "Máa wo adájọ́. Tó bá ní eré ti dúró, kúnlẹ̀, kó o kúnlẹ̀ dáadáa. Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, má kúrò lẹ́yìn ilà."

Ní ọjọ́ kẹrin tó lọ, fóònù mi dún. Ọmọ Bàbá Àgbà ni, ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì nígbà náà. Òun náà ti darúgbó.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi? Ọmọ ẹ yìí! A wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó, a pè é lóríkì, a pè é títí. Ó kàn na igi sí wa, bí ẹni ń juwọ́ sí onímọ́tò! Ó tó wákàtí kan kó tó wá kúnlẹ̀."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Eré ò tíì dúró ni."

Mo gbọ́ tó rìn kúrò díẹ̀ nídìí ariwo.

"Ohun tí wọ́n sọ fún Bàbá mi lọ́jọ́ Ìbàdàn nìyẹn," ó ní. "Nínú mọ́tò, lọ́nà ilé. Ẹnì kan tó wà ní pápá ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Bàbá bọ́ fìlà náà, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò dé e mọ́ láyé wọn. Inú àpótí la ti bá a."

Ó ju àádọ́ta ọdún tí mo fi gbà pé inú Bàbá Àgbà dùn dé ilé. Òun nìkan ni mo rò pé ọjọ́ náà kò bà jẹ́ fún. Nǹkan kan ta mí láyà, bí ó ṣe máa ń ta èèyàn nígbà tí ẹsẹ̀ tó ti kú bá fẹ́ jí, ó sì dùn mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "ṣé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ yín?"

Ó fún un ní fóònù. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn ń kọrin.

"Grandpa! Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Mo ní ó ṣe é dáadáa. Mo fẹ́ béèrè ẹni tó borí, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń pè mí, ó ń pè mí, "Grandpa? Grandpa, ẹ ń sunkún?"